Àbúrò mi fi báńkì sílẹ̀, ó padà sóko kòkó: bí ìṣirò náà ṣe lọ

Ní ìparí ọdún 2022, àbúrò mi ọkùnrin kọ̀wé fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní Èkó, ó sì padà sí oko kòkó tí bàbá wa àgbà gbìn lágbègbè Ìdànrè. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, ó ṣe àgùnbánirọ̀, ó ríṣẹ́, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ọmọ gidi ṣe ló ṣe. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tí ẹbí wí, ohun tó rí gbà àti ohun tó pàdánù, torí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ kiri bí ìtàn ẹnì kan tó gbọ́n ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ tó sì tipa bẹ́ẹ̀ dolówó. Wọ́n ń fi ọ̀nà yẹn ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun àti ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Kọ́ńtíráàtì ni iṣẹ́ báńkì ọ̀hún. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Nàìjíríà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kawó lẹ́yìn káńtà kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n jókòó sí. Iléeṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n síṣẹ́, òun ló kó wọn fún báńkì, òun náà ló ń san owó oṣù wọn. Káńtà kan náà ni wọ́n jọ ń dúró sí pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ gidi, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù wọn ò bára dọ́gba rárá. Bí owó bá dín nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò lálẹ́, ẹni tó jókòó sídìí àpótí náà ni yóò fi tara ẹ̀ dí i. Ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi lò níbẹ̀. Nígbà tó fi máa kúrò, ₦92,000 ló ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù.

Ìkòròdú ló ń gbé, Victoria Island ni báńkì wà. Ẹni tó bá ti tọ ọ̀nà yẹn rí kò nílò àlàyé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde kó lè bá àwọn tó ń tò fún bọ́ọ̀sì BRT àkọ́kọ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ló ń padà wọlé, ìyẹn lọ́jọ́ tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ò bá pọ̀ jù. Wákàtí mẹ́rìndínlógún nìyẹn lójúmọ́. Ọjọ́ Sátidé ló fi ń sùn.

Lásìkò Ọdún Àjíǹde 2022, ó wá sílé mi ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama, nítorí náà, nígbà tó ní kí n yá òun lówó, mo ní kó jókòó ná. Mo fa ìwé àjákọ ọmọ mi kan yọ, mo fa ìlà sáàárín, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ₦1,900 lójúmọ́. Ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, ₦41,800. Oúnjẹ ọ̀sán, ₦800 lójúmọ́, ₦17,600. Ẹni tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó sì ń lọ̀ ọ́, pẹ̀lú bàtà tó ń jẹ lójú títì, ₦4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦63,400. Gbogbo owó yìí ló ń ná kí báńkì lè rí i lẹ́yìn káńtà ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ yẹn, kò ní ná an. Ó ku ₦28,600.

Mo wá fi wákàtí pín in. Mẹ́rìndínlógún lọ́nà méjìlélógún, 352. Náírà mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wákàtí kan ayé rẹ̀ ń mú wá.

Ilé tó ń gbé, ₦250,000 lọ́dún. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ó ku ₦7,767 lóṣù. Nínú rẹ̀ ni oúnjẹ alẹ́, dátà, iná, owó tó ń fi ránṣẹ́ sí Màmá, àti aṣọ ẹbí àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbéyàwó ti gbọ́dọ̀ jáde. Kò lè jáde níbẹ̀ láéláé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ti ń yáwó dí i, gbèsè náà sì ti di ₦340,000.

Ó wo ìwé náà títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Àǹtí mi, èló ni wọ́n ń san fún lébírà lóko báyìí?" Mo sọ fún un: ₦3,000, pẹ̀lú oúnjẹ, láti aago méje àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ní wákàtí kan. Kò sọ nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò yá a lówó náà. Èmi pẹ̀lú ò ní in.

Kí n tó dé orí ohun tí ẹbí wí, ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, torí oko kan náà ló wà nídìí ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni bàbá wa àgbà gbin kòkó yìí. Láyé ìgbà náà, bọ́ọ̀dù tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń ra kòkó. Iye tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tó ń tà á lókè òkun, àjẹkù rẹ̀ sì ń wọ àpò ìjọba. Owó kòkó yìí wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 17, 1955. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 di nǹkan bí 811,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi wà lára wọn. Ó ka ìwé náà débi pé ó di olùkọ́, kò sì fọwọ́ kan àdá mọ́ títí ó fi kú.

Ìṣirò tí bàbá wa àgbà ṣe nígbà náà tọ̀nà. Ẹni tó bá jáde Standard Six tàbí Modern School lásìkò yẹn, iṣẹ́ ń dúró dè é: akọ̀wé, olùkọ́, iṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ kò lẹ́nu lórí iye tí wọ́n á ra kòkó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó orí ń ga sí i, títí ọ̀rọ̀ náà fi bú jáde tó di ogun Àgbẹ̀kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969. Bàbá àgbà rí i pé ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ ló ń dá iye lé e, ẹni tó mú àdá ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ta kòkó kí ọmọ rẹ̀ lè bọ́ sí ìhà kejì tábìlì. Ta ni yóò bá a wí?

Ṣùgbọ́n ọdún 1986 ni ìjọba ti tú àwọn bọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn ká. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní kòkó lè tà á fún ẹni tó bá wù ú. Iṣẹ́ ìjọba tí ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ jáde náà ti lọ tipẹ́. Ohun méjèèjì tí bàbá àgbà fi ṣírò ti yí padà, àwa sì ń bá ìdáhùn rẹ̀ lọ bí ẹni pé lánàá ló ṣírò rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé nínú ilé tó kún fún olùkọ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣírò.

Nígbà tí àbúrò mi kéde pé òun ń bọ̀ nílé, ilé dàrú. Àbúrò bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Oǹdó, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó kàwé tó tún padà lọ mú àdá, ìwé ọ̀hún ò wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú àbá tirẹ̀ wá: kí a ta éékà díẹ̀ nínú oko náà, kí a fi owó rẹ̀ rán an lọ sókè òkun, bíi Bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n. Ọ̀nà mìíràn tí gbogbo ayé ń tọ̀ báyìí nìyẹn, a kì í sì í ṣírò òun náà. Bọ̀ọ̀dá wa, tó jẹ́ pé ó kàwé ju gbogbo wa lọ, ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní Lọ́ńdọ̀n. Iṣẹ́ tó níyì ni, ó sì ń fowó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní òun ò fẹ́ fi oko san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí òun á tún ti máa jí ní aago mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló le jù. Ó ní, "Ẹ̀wù tí bàbá rẹ bọ́ sílẹ̀, ìwọ lo fẹ́ lọ ṣà gbé wọ̀?" Ó sunkún. Ó béèrè ohun tí òun á sọ fún àwọn ẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá wa kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n gàrí ló tà tó fi ràn wá níléèwé kún owó oṣù bàbá wa, kò sì sí ẹni tó mọ èrè yàtọ̀ sí àdánù nínú ilé wa tó o. Mo gbé ìwé àjákọ yẹn síwájú rẹ̀, mo ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún un. Ó dá mi dúró níbi owó ọkọ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ìdajì owó rẹ ni dẹ́rẹ́bà ń gbà?" Ó ní, "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Màmá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí ẹnì kan bá fún mi lọ́jà báyìí kí n máa bá òun tà, n kò ní tà á." Ó wá yíjú sí Dádì Oǹdó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ wò ó fún ọdún kan.

Oko náà tó ogún éékà. Bàbá àgbàlagbà kan láti agbègbè Àgàtú ní ìpínlẹ̀ Benue ló ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ayé bàbá mi. Ó ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìdá méjì ń wá sílé. Àbúrò mi kọ̀ láti lé e. Ó ní kó máa mójú tó éékà mẹ́wàá tó sàn jù, kí òun mú mẹ́wàá tó ti di igbó. Ó bá ẹbí ṣe àdéhùn pé òun á máa ra oògùn, òun á máa san lébírà, wọn á sì pín ohun tí wọ́n bá tà sí méjì dọ́gba.

Ìṣirò tí a ṣe lórí iye kòkó ní ọdún 2022 ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí lórí rẹ̀ ni ìpinnu náà dúró. ₦1,150 ni wọ́n ń ra kílò kan lọ́wọ́ wa. Bí àwọn éékà mẹ́wàá yẹn bá so tọ́ọ̀nù kan àti 400 kílò, yóò jẹ́ ₦1,610,000. Ìdajì rẹ̀, ₦805,000. Ẹ yọ ₦260,000 fún oògùn àti lébírà, ó ku ₦545,000 lọ́dún, ìyẹn ₦45,000 àti díẹ̀ lóṣù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni. Kò sí ẹni tó máa fi dolówó. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni yóò máa gbé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti iṣu á máa ti oko wá, iṣẹ́ náà kò sì ní ju wákàtí méje lọ lójúmọ́. Bí a bá ka ọjọ́ méjìlélógún lóṣù bíi ti Èkó, wákàtí kan di nǹkan bí ₦295. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti Èkó. Lórí ìyẹn nìkan ló fi ṣe é. Nígbà tí a ń kọ ọ́, kò sẹ́ni kankan lára wa tó mọ̀ pé kòkó máa di wúrà.

Owó àkọ́kọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ wá láti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ó sì gbà pé bí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tó pàdánù rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, ó lè gba ìdá 25 nínú ohun tó wà nínú àkáǹtì náà. Tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦420,000. Ó gba ₦105,000. Ó fi ra ẹ̀rọ ìfíngòògùn tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn, bàtà òjò, àdá méjì, àti àwọn ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń já èso tó wà lókè.

Ọdún àkọ́kọ́ le. Igi ti gbọ̀rẹ̀gẹ̀jigẹ̀, ewé wọn ti so pọ̀ lókè débi pé oòrùn kì í wọlẹ̀. Ibi tí ọ̀rinrin bá wà tí atẹ́gùn ò fẹ́ dé ni àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ń fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni í máa ń wọlé: àmì kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan, tí kò ju orí èékánná lọ, lára èso tó ṣì ń dán. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, gbogbo èso náà á dúdú, ìyẹ̀fun funfun á bò ó, ohun tó wà nínú rẹ̀ á jẹrà. Bàbá ará Àgàtú ló kọ́ ọ pé oògùn ò tó. Kí ó kọ́kọ́ gé ẹ̀ka, kó já gbogbo èso tó ti ní àmì, kó kó wọn jáde kúrò lóko kí ó tó fín nǹkan kan. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ mẹ́rin tó wà nítòsí da àáró, kí wọ́n máa ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹnì kejì. Láìsí àáró yẹn, owó lébírà ì bá ti lé e padà sí Ìkòròdú.

Mo lọ bá wọn nígbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó ní October 2023. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì èso ká, wọ́n ń fi kóńdó là á, wọ́n ń fi ìka ha hóró tútù náà jáde sínú agbọ̀n. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n da hóró lé e, wọ́n fi ewé bò ó, omi dídùn rẹ̀ ń ṣàn jáde nísàlẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, tí o bá ki ọwọ́ bọ inú òkìtì yẹn, ó ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n á tú u, wọ́n á rò ó, wọ́n á tún bò ó, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Àbúrò mi ló ń fi ẹsẹ̀ rọra tú ìlà sáàárín hóró tí wọ́n sá. Ó ní kí n gbọ́. Èyí tó ti gbẹ ń dún ṣàkàṣàkà, èyí tí kò tíì gbẹ kì í dún. Ó ti rù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le. N kò tíì rí i kó fi irú ìfẹ́ yẹn ṣàlàyé iṣẹ́ báńkì fún mi rí.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ owó. Ní May 29, 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo kan tó wà ní nǹkan bí ₦190 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní June ọdún kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀. Ká ní àbúrò mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, owó ọkọ̀ nìkan ì bá ti gba ohun tó pọ̀ jù nínú ₦92,000. Kòkó ní tirẹ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Lẹ́yìn náà ni òjò àti àrùn dà á rú fún Ghana àti Côte d'Ivoire tí wọ́n ń pèsè èyí tó pọ̀ jù láyé, ọjà àgbáyé sì ya wèrè: tọ́ọ̀nù kan tí kì í sábà kọjá $3,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún kọjá $11,000 ní April 2024, ó sì kọjá $12,000 ní December. Ìjọba Ghana àti ti Côte d'Ivoire ló ń dá iye lé kòkó àgbẹ̀ wọn, nítorí náà èrè yẹn pẹ́ kó tó kàn wọ́n. Ní ọ̀dọ̀ tiwa tí kò sí bọ́ọ̀dù, àwọn oníkòkó ń wọ oko wá bá ọ. ₦2,600 ni wọ́n ra kílò kan lọ́wọ́ àbúrò mi ní October 2023; nígbà tó fi máa di November 2024, ₦10,500.

Lójú kan náà, ohùn gbogbo èèyàn yí padà. Dádì Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti mọ̀ pé ọmọ náà ríran. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ fún wa ní ọdún 2023 pé òun ò lè kó ọmọ tó kàwé fún àgbẹ̀, fi ara rẹ̀ pè wá nígbà tí ìròyìn kòkó gba orí rédíò. A ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Alága ìjókòó kéde àna wọn ní "oníṣòwò kòkó ńlá," gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn fún àbúrò mi lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi gidigidi. Ọkùnrin kan náà ni, oko kan náà, ìpinnu kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni òjò tí kò rọ̀ dáadáa ní orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ń fi iye kòkó yìn ín, iye kòkó náà ni wọ́n á fi bú u lọ́la, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ìbéèrè tí ó béèrè: iṣẹ́ yìí, kí ló ń gbà lọ́wọ́ mi kó tó fún mi ní nǹkan?

Àfi bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró dè é, bí owó ṣe dé ni ọ̀nà mìíràn tún là sílẹ̀ fún un. Kó kọ́lé sí ìgboro Àkúrẹ́. Kó ra jíìpù. Kó ṣe ìgbéyàwó tí ìlú á gbọ́. Àwọn tó ní kó má ṣe àgbẹ̀ ló ń sọ báyìí bí àgbẹ̀ olówó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ó san gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ó da kọnkéré síbi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Ó lọ sí Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, níbi tí ibùdó ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ wà, ó gba irúgbìn tuntun wá, ó fi rọ́pò àwọn igi tó ti darúgbó lórí éékà méjì. Ó ya owó oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀, ó fi díẹ̀ ra Treasury Bills, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé rẹ̀ ò tó ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ ní December 2024. Ìgbéyàwó náà kéré. Màmá ò dùn sí ìyẹn, kò sì tíì dùn sí i títí di òní.

Ó pàdánù nǹkan, mi ò ní fi pamọ́. Kò sẹ́ni tó ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún un mọ́. Ìwé ìtọ́jú ìlera tí ibi iṣẹ́ fún un ti dópin, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sì bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ, owó ọwọ́ wọn ni wọ́n fi san gbogbo rẹ̀. Lébírà tí à ń san ₦3,000 fún ti di ₦7,000. Nígbà tí kòkó wọ́n yẹn, olè ń jí i lórí ibi tí wọ́n sá a sí, òun àti àwọn alááró rẹ̀ ń sùn síbẹ̀ lóru. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ní ní Èkó ò pè é mọ́. Nígbà mìíràn, bó bá wá sílé mi, mo máa ń rí i pé ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá òun sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tí kì í ṣe oko.

Ohun tó rí gbà, kò ṣeé fi owó kà tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Màmá jà. Fún ọdún púpọ̀, ìgbà tí ẹnì kan nínú wa bá ráyè ló ń lọ rí dókítà, a kì í sì í ráyè. Àbúrò mi ló ń gbé e lọ báyìí ní gbogbo oṣù, ó ń dúró dè é, ó mọ orúkọ oògùn tó ń lò. Ọmọ tó kàwé tó wà ní Èkó ni Màmá fi ń yangàn tẹ́lẹ̀. Kò tíì sọ fún mi pé èyí dáa ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá fún un ní ọjọ́ báyìí, kì í pe èmi mọ́.

Ní ọdún 2025, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí ọdún náà ń parí, iye rẹ̀ lọ́jà àgbáyé ti di nǹkan bí ìdajì ohun tó jẹ́ ní December 2024. ₦5,800 ni wọ́n ń sọ fún wa lórí kílò kan. Bí mo ṣe rò ó náà ló rí: Dádì Oǹdó ti ń wí pé òun ti sọ fún un. Èmi àti àbúrò mi tún jókòó, a tún fa ìlà sáàárín ìwé. Pẹ̀lú oògùn àti lébírà tó ti gbówó lórí, pẹ̀lú ọ̀wọ́n oúnjẹ, wákàtí kan rẹ̀ ṣì lé ní ohun tí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì nígbà kan ń rí nígbà tí wọ́n bá yọ owó ọkọ̀ kúrò. Ó pe ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù lójú mi láti béèrè iye tí wọ́n ń gbà báyìí, kí ìṣirò wa má baà jẹ́ ti ọdún 2022.

Ohun tó kù nílẹ̀ ni àdéhùn oko. Ìdajì tó ń wá sí ẹbí pọ̀ lọ́dún 2024 ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rí i rí, àwọn ọmọ Dádì Oǹdó sì ní àwọn fẹ́ kí wọ́n pín ilẹ̀ náà fún olúkúlùkù. Ẹ̀tọ́ wọn ni, oko ìdílé ni. Bí wọ́n bá pín in báyìí, àwọn igi tuntun tó gbìn, tí wọn ò tíì so, lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Agbẹjọ́rò kan ní Àkúrẹ́ ti kọ ìwé: ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ àbúrò mi, ìdajì fún ẹbí bíi ti tẹ́lẹ̀, kí bàbá ará Àgàtú máa jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta tirẹ̀ lọ, kí wọ́n sì wọn igi tuntun lówó fún ẹni tó gbìn ín bí ilẹ̀ bá yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ti tẹ̀ka sí i, èmi ti buwọ́ lù ú, Bọ̀ọ̀dá wa ti buwọ́ lù ú láti Lọ́ńdọ̀n. Dádì Oǹdó ní òun fẹ́ wo bí kòkó yóò ṣe tà ní October kí òun tó fọwọ́ sí i.